Bí a ṣe ń fi imí ọjọ́ gba nitrate kúrò nínú omi ẹja òkun

Ẹja òkun tí a ń sìn nínú táńkì ń jẹ, ó ń yàgbẹ́, oúnjẹ tí kò sì jẹ tán ń jẹrà. Nitrate, èròjà tí kò dára kó pọ̀ jù nínú omi ẹja, ni gbogbo rẹ̀ ń dà nígbẹ̀yìn. Ẹ lè máa pààrọ̀ omi títí, àmọ́ iyọ̀ òkun tí wọ́n ń kó wọ̀lú kì í ṣe owó kékeré. Páìpù kan tí mo rọ imí ọjọ́ sí ni èmi ń lò. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń fi imí ọjọ́ ṣe oúnjẹ. Bí kò bá rí ọ́síjìn mí, inú nitrate ni yóò ti yọ ọ́, èyí tó kù á sì di gáàsì náítírójìn, á fẹ́ lọ.

Fún táńkì onílítà 200, ẹ ra imí ọjọ́ lítà 2, ìyẹn lítà 1 fún 100 lítà omi. Oníhóró ni kí ẹ rà, 3 sí 5 mm. Lúbúlúbú tí wọ́n ń tà láti fi lé ejò kò ṣeé lò rárá. Á dì bí ẹrẹ̀, omi ò ní rọ́nà kọjá. Ẹ wá páìpù oní-ínǹṣì mẹ́rin, kó gùn tó 40 cm, kí ìdérí òkè rẹ̀ jẹ́ èyí tó ṣeé tú. Omi á gba ìsàlẹ̀ wọlé, á gba òkè jáde kí gáàsì má bàa há sínú rẹ̀, pọ́ọ̀mpù kékeré kan á sì máa yí omi inú rẹ̀ po. Pọ́lọ́mbà á bá yín lẹ̀ ẹ́. Ẹ bu omi kún un, ẹ gbé e sórí ìwé ìròyìn mọ́jú, kí ẹ wò ó bóyá ìwé á tutù.

Ẹnu ibi tí omi ti ń jáde niṣẹ́ wà. Fáàfù tí wọ́n ń tà fún un wọ́n, ó sì máa ń dí. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì ni mo ti ń ra okùn dírípù, èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré tí a fi ń fún un, ó sì ní ibi tí ojú ti ń rí ẹ̀kán bó ṣe ń já. Ẹ̀kán 60 ní ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bíi 3 ml nìyẹn. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, lítà 4 àti díẹ̀ péré ló máa já.

Ẹ má gbé e sí táńkì ná. Omi tí ẹ bù kúrò nígbà tí ẹ pààrọ̀ omi ni kí ẹ dà sínú báàkẹ́tì ńlá, kó máa ti ibẹ̀ wọ páìpù, kó máa padà síbẹ̀. Ibí ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n á wọn omi tó ń jáde, wọ́n á rí nitrite (ohun tí nitrate kọ́kọ́ ń dà kó tó di gáàsì) tó ga fíofío, wọ́n á ní ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, wọ́n á sì tú dírípù sílẹ̀. Ọ́síjìn á rọ́ wọlé, kòkòrò ò sì ní í fọwọ́ kan nitrate mọ́. Bẹ́ẹ̀ nitrite yẹn ló ń fi hàn pé iṣẹ́ ti dé ìdajì! Aládùúgbò mi kan tú u lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, ó wá ń ké pé wọ́n ta ayédèrú imí ọjọ́ fún òun. Ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè gba mẹ́fà. Bí omi báàkẹ́tì bá ti pẹ́, ẹ tún bu omi mìíràn nínú táńkì yín rọ́pò rẹ̀.

Ìgbà tí nitrite bá di òdo ni kí ẹ tó gbé e sí táńkì, kí ẹ máa fi ẹ̀kán 10 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Imú ni kí ẹ fi ṣọ́ ọ. Bó bá ń rùn bí ẹyin òbu, omi ti lọ́ra jù: nitrate ti tán nínú páìpù, kòkòrò mìíràn ti gba ibẹ̀, hydrogen sulphide ló sì ń jáde. Díẹ̀ rẹ̀ tó pa ẹja. Ẹ tú dírípù díẹ̀. Bí nitrite bá padà yọjú, ó ti yá jù, ẹ fún un. Rọ́bà dírípù máa ń rọ̀, nǹkan yíyọ̀ sì máa ń dí i, nítorí náà láràárọ̀, kí n tó fẹnu kan tíì, mo ti ka ẹ̀kán.

Omi tó bá imí ọjọ́ kọjá máa ń kan díẹ̀. Ẹ gé ìdí ike omi, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ rọ karahun tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin adìyẹ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ mọ́. Kí ẹ̀kán máa já sórí rẹ̀ kí karahun lè pa kíkan omi náà, kó tó ti òkè bọ́ sínú táńkì, kó lè kó afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Ti iná mànàmáná ńkọ́? Bí wọ́n bá mú un lọ fún wákàtí mélòó kan, omi inú páìpù á dúró, á sì di májèlé. Bí iná bá dé, ẹ yára yọ ẹnu dírípù kúrò lórí táńkì. Ẹ da omi inú páìpù nù tán, ẹ rọ tuntun sí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà.