Sítóòfù onígi tó ti gbó, tí kì í tètè gbóná
Ẹ̀yin ará, tí sítóòfù onígi yín bá ń lọ́ra láti gbóná, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ la ọ̀kan sí méjì, kí ẹ fọwọ́ kan inú rẹ̀: tó bá tutù lọ́wọ́ bí ohun tó lómi, igi náà kò tíì gbẹ tó. Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 20% lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èéfín lásán lẹ máa rí.

Ẹ wo páìpù èéfín náà, ìyẹn tó bá ti tutù pátápátá o! Èérí dúdú tó le mọ́ ọn nínú lè gbiná.

Ó ku ilẹ̀kùn. Ẹ ti ilẹ̀kùn náà mọ́ bébà kan, kí ẹ fa bébà náà; tó bá yọ wẹ́rẹ́, ẹ pààrọ̀ okùn tó yí etí ilẹ̀kùn náà ká, èyí tó ń dí àlàfo rẹ̀.