Bí a ṣe ń san gbèsè ìjọba àti owó ìtọ́jú ọmọ ní Àkúrẹ́ láì san án lẹ́ẹ̀mejì

Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń jókòó sí ní Alágbàkà, nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba. Mo ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù, mo ń tẹ lẹ́tà, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Àwọn tó máa ń fi omijé wọ ṣọ́ọ̀bù mi kì í ṣe àwọn tí kò rówó san. Àwọn tó ti san ni. Owó ti kúrò lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé àwọn tó jẹ gbèsè, torí pé owó náà ṣìnà, kò dé ilé tí wọ́n rán an. Mi ò fẹ́ kí ó ṣe ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú ìwé tí ìjọba fi béèrè owó náà dání, pẹ̀lú NIN yín, àwọn rísíìtì àtijọ́, bírò dúdú kan àti ìwé kékeré tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìwé kákí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ra fáìlì lè gé páálí bisikíìtì sí méjì, kó lu ihò sí i, kó fi okùn dè é. Èmi fúnra mi ṣì ń lo irú rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ni kí ẹ lọ, kó tó di aago mẹ́sàn-án. Ọjọ́ Ajé, ìpàdé ló máa ń pọ̀ nínú ọ́fíìsì. Ọjọ́ Ẹtì kò gùn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni gbèsè náà

Owó orí oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí fún Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ODIRS, ló ni ín. Owó ìsọ̀ nínú ọjà, ìjọba ìbílẹ̀ ni. VAT, ìyẹn owó orí tó wà lórí ọjà, àti owó orí kọ́ńpìnnì, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tó bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba, owó ilẹ̀ ọdọọdún rẹ̀ wà lọ́tọ̀, kò dà pọ̀ mọ́ owó orí rárá.

Ẹ wo ọdún tó wà lórí ìwé náà dáadáa. Láti oṣù kìíní ọdún 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí lọ́dún kò ní owó orí kankan. Inú àwọn èèyàn wa dùn sí i, inú tèmi náà dùn. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò nu gbèsè ọdún 2024 nù. Ẹ má ya ìwé ọdún àtijọ́ sọ nù nítorí ìròyìn tí ẹ gbọ́ lórí rédíò.

Bí iye tí wọ́n kọ bá pọ̀ jù, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti takò ó, inú ìwé sì lẹ gbọ́dọ̀ ti takò ó. Ẹ kọ ìdí tí kò fi yẹ kó tó bẹ́ẹ̀ àti iye tí ẹ rò pé ó tọ́. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ gbé lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tí ẹ máa mú bọ̀ wálé. Àìmọye èèyàn ló ti lọ bẹ̀bẹ̀ lórí ìdúró, tí ọ̀gá kan sì sọ fún wọn pé òun ti gbọ́. Ẹ̀bẹ̀ ẹnu kì í wọ fáìlì. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá, iye yẹn ti di gbèsè pátápátá.

Nọ́ńbà: ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ ti ẹni tó ń san owó, òmíràn wà fún owó tí ẹ fẹ́ san gan-an. Tó bá jẹ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ fẹ́ fi Remita, ìkànnì ìsanwó, san fún, nọ́ńbà owó náà tí wọ́n ń pè ní RRR lẹ máa gbà, òǹkà méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà báńkì kò mọ ojú yín, kò mọ baba yín. Nọ́ńbà yẹn nìkan ló mọ̀.

Ẹ má gba nọ́ńbà náà lẹ́nu. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó fún yín, ẹ kà á sókè ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí òun náà máa fi ìka tọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀, ọdún wo ni, irú owó wo ni? Mo ti rí ẹni tó san owó ilẹ̀ sórí owó orí. Mo ti rí ẹni tí wọ́n kọ ọdún tó ti san tẹ́lẹ̀ fún, tó sì tún un san, tí èyí tó jẹ gan-an ṣì wà nílẹ̀.

Bàbá mekáníìkì kan láti ọ̀nà Iléṣà rán ọmọ rẹ̀ pé kó lọ san owó orí òun. Ọmọ náà dé Ọjà Ọba, ó rí èrò ní báńkì, ló bá yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ POS kan, onítọ̀hún sì fi owó náà ránṣẹ́ lórúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí bàbá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí owó orí, wọn ò rí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé owó máa ń sọnù sínú kọ̀ǹpútà ni?" Mo ní, "Bàbá, kò sọnù. Orúkọ ẹlòmíràn ló ń jẹ́." Oṣù mẹ́rin gbáko la fi kọ lẹ́tà kí wọ́n tó rí i. Oṣù mẹ́rin yẹn, iṣẹ́ kan tó yẹ kó ṣe fún ìjọba bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, torí pé kò rí ìwé ẹ̀rí owó orí (tax clearance) ọdún mẹ́ta tí wọ́n ń béèrè mú wá.

Nítorí náà, kàńtà báńkì ni kí ẹ ti san án, tàbí lórí ìkànnì tí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ júwe fún yín. Ẹ má fi POS àdúgbò san gbèsè ìjọba. Ẹ má sì san án sínú àkáǹtì òṣìṣẹ́ kankan, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín ni, ìbáà wọ aṣọ iṣẹ́.

Tí ẹ bá ti san tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Ìdajì àwọn tó ń ṣe é dáadáa máa ń lọ sílé láti ibí yìí. Ẹ gbé ìwé báńkì padà lọ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n fún yín ní rísíìtì ìjọba, kí ẹ sì rí i pẹ̀lú ojú yín pé ó ti hàn lórí kọ̀ǹpútà wọn. Bébà bọ́rọ́bọ́rọ́ tó ń jáde nínú ẹ̀rọ kékeré máa ń ṣá láàárín oṣù díẹ̀, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í ṣe lámínéètì: iná ẹ̀rọ yẹn máa sọ ọ́ di dúdú lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, kó kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀, kó kọ iye àti ọjọ́ sí i, kó fi owó àkọ́kọ́ tì í. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, kó gba rísíìtì tirẹ̀.

Owó ìtọ́jú ọmọ

Ọ̀nà tí a fi ń gba àṣẹ owó ìtọ́jú ọmọ ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tó ṣègbéyàwó ní rẹ́jísírì, ilé ẹjọ́ gíga ni, lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ọdún 1970. Àwọn tí ìdáná nìkan so pọ̀, kóòtù ìbílẹ̀ ni. Ẹni tí kò ṣe ìgbéyàwó kankan, ọmọ rẹ̀ kò sọnù: òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe tirẹ̀ ní 2007, ní kí òbí tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bí agbára wọn bá ṣe mọ. Àmọ́ kí ẹ tó ná owó lọ́yà, ẹ lọ rí àwọn wẹ́fíà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọmọ, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin níbí ní Àkúrẹ́. Wọ́n á pe bàbá ọmọ, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò sí iye kan, ẹ ó sì tọwọ́ bọ̀wé. Ibẹ̀ ni mo máa ń rán àwọn èèyàn mi lọ ṣáájú.

Kóòtù ìbílẹ̀ sábà máa ń pàṣẹ pé kí bàbá san owó oṣooṣù sọ́wọ́ rẹ́jísírà, ìyẹn akọ̀wé kóòtù, kí ìyá wá gbà á níbẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ san án síbẹ̀! Mo mọ ọkùnrin kan tó ń fi owó rán àbúrò ìyá ọmọ rẹ̀ ní Ìsìnkàn, oṣù mẹ́jọ tẹ̀ léra. Ìjà dé, àbúrò ìyàwó ní òun kò gba nǹkan kan. Kóòtù béèrè ìwé, ìwé kò sí. Gbogbo rẹ̀ ló tún san, ọmọ náà sì ti jókòó sílé fún odindi táàmù kan nínú rògbòdìyàn yẹn. Èyí ló dùn mí jù, torí ọmọ yẹn kò dá sí ọ̀rọ̀ wọn.

Bí àṣẹ bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyá, ẹ kọ ohun tí owó wà fún síbi àlàyé: owó oúnjẹ, orúkọ ọmọ, oṣù àti ọdún. Owó ilé ìwé, àkáǹtì ilé ìwé ni kí ẹ san án sí tààrà. Bàtà àti aṣọ tí ẹ rà lọ́jọ́ iléyá tàbí Kérésì, ẹ̀bùn ni. Ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù.

Ẹ̀yin ìyá náà, ẹ ka owó kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé. Mo ti rí ìyá kan tó tọwọ́ bọ oṣù mẹ́ta nígbà tó jẹ́ owó oṣù kan ṣoṣo ló gbà, nítorí ó ń kánjú lọ sọ́jà.

Tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá, kó má kàn dákẹ́. Kóòtù tó pàṣẹ ni kó padà sí kí oṣù tó parí, kó mú ìwé pé iṣẹ́ ti bọ́ dání, kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dín iye kù. Títí wọ́n á fi dín in, gbèsè iye àtijọ́ ló ń pọ̀ sí i lóṣooṣù.

Nínú ìwé kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fa ìlà mẹ́rin: ọjọ́, iye, nọ́ńbà rísíìtì, ẹni tó gbà á. Lọ́dọọdún, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ́jísírà, kí ẹ fi wé tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá sì dàgbà tí àṣẹ náà parí, ẹ gba ìwé pé ẹ kò jẹ gbèsè kankan, kí ẹ ka orúkọ yín àti ti ọmọ lórí rẹ̀ létà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò ní kàńtà, kí ẹ wá fi í sínú àpò kákí yẹn.