Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń bú orin àkọ́kọ́ inú àwo rọ́ọ̀kì

Bí àwọn olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì bá kóra jọ, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń kan àwọn àwo ńlá tí orin àkọ́kọ́ wọn kò tó àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Àríyànjiyàn dídùn ni, èmi náà kì í sì í jìnnà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni ọ̀pọ̀ nínú ẹjọ́ tí a ń dá fún orin àkọ́kọ́, nítorí pé a kì í bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀ láti ṣe, ẹni tí ó gbé e síbẹ̀, tàbí bóyá ibẹ̀ ni ó tilẹ̀ wà ní tòótọ́.

Kí n fi àṣìṣe tèmi bẹ̀rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni mo fi mọ Abbey Road, àwo tí àwọn Beatles gbé jáde ní ọdún 1969. Lórí kásẹ́ẹ̀tì náà, “Here Comes the Sun” tí George Harrison kọ ni ó ṣíwájú, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi ń wí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé orin náà dùn lóòótọ́, àmọ́ ó ti rọ̀ jù láti jókòó sí ẹnu ọ̀nà irú àwo bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi, kò dá mi lóhùn, ó dìde, ó fa rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ yọ láàárín àwọn yòókù, ó yí ẹ̀yìn páálí rẹ̀ sí mi, ó ní, “Kà á sókè.” “Come Together” ni mo kà. Àwọn tí ó ṣe kásẹ́ẹ̀tì ti pààrọ̀ ipò orin méjèèjì kí gígùn ojú kìn-ín-ní àti ojú kejì téèpù lè súnmọ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tìtorí rẹ̀ bá olórin jà láti ọdún mélòó kan, ìṣirò ìṣẹ́jú lásán ni.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dá orin àkọ́kọ́ lẹ́bi kí ẹ tó mọ irú ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń gbé àwo jáde ní Amẹ́ríkà máa ń tún àwọn àwo tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá tò bí ó bá ti wù wọ́n. Wọn a yọ orin kúrò, wọn a sì fi òmíràn tí ó ti jáde lọ́tọ̀ dí àyè rẹ̀. “Drive My Car” ni ó ṣí Rubber Soul ti ọdún 1965 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà, “I’ve Just Seen a Face” ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, orin tí gìtá onígi ń gbé sáré, tí yóò sì mú kí gbogbo àwo náà dún bí orin ìbílẹ̀ àwọn òyìnbó (folk) létí rẹ̀. “Mother’s Little Helper” ni àwọn Rolling Stones fi bẹ̀rẹ̀ Aftermath ti ọdún 1966 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “Paint It Black” ni ó dé ipò náà ní Amẹ́ríkà. Àwo àkọ́kọ́ ti Jimi Hendrix, Are You Experienced ti ọdún 1967, fi “Foxy Lady” ṣíde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi “Purple Haze” ṣíde ní Amẹ́ríkà. Ẹni méjì lè fi òru ọjọ́ kan jiyàn lórí àwo yìí, kí àwọn méjèèjì jàre, kí ó sì jẹ́ pé kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n gbọ́.

Àṣìṣe kejì kò ṣẹ̀yìn ẹ̀rọ CD tí ó dé ọjà ní ọdún 1982. Láti ìgbà náà ni a ti ń ka orin inú àwo láti orí ìkíní títí dé ìkẹyìn láìdúró, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó. Àwo rọ́bà tí à ń yí padà ní ojú méjì, ìbẹ̀rẹ̀ méjì ni ó sì ní. Ẹni tí ó ń to orin Abbey Road ní orin méjì lọ́wọ́ tí ó yẹ fún ẹnu ọ̀nà, ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni àwo máa ń yí ní ìṣẹ́jú kan, yálà abẹ́rẹ́ wà létí àwo tàbí ó ti súnmọ́ bébà àárín, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń rìn létí gùn ju ti àárín lọ dáadáa. Ohùn tí ó wà létí rí àyè nà sí. Èyí tí ó wà lẹ́bàá bébà ṣù pọ̀, ohùn òkè a sì máa há níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orin tí ìlù rẹ̀ le, tí gìtá rẹ̀ ń ké, fi sábà máa ń ṣíwájú, tí orin jẹ́jẹ́ sì ń parí ojú àwo. Ẹni tí ó ń bú olórin pé ó kó ariwo síwájú ní láti mọ̀ pé ẹni tí ó ń gé àwo náà lè ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tí ó ń dùn mí jù ni ti àwọn tí ó ń fi “Speak to Me” ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé àwo Pink Floyd tí à ń pè ní The Dark Side of the Moon (1973) fi orin tí kò lágbára bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ṣe kàyéfì bóyá ẹni tí ó kọ ọ́ ti jókòó ti àwo náà dé ìparí. Díẹ̀ ni ó fi lé ní ìṣẹ́jú kan, Nick Mason tí ó ń lu ìlù ni wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì láti ọ̀nà jíjìn, yóò máa súnmọ́ tòsí. Aago yóò dún lé e, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó nínú ṣọ́ọ̀bù yóò máa ró wọnrawọnra, ẹnìkan yóò máa sọ̀rọ̀, ẹnìkan yóò rẹ́rìn-ín, ohùn obìnrin yóò wá gbé igbe tí ó gun òkè lọ, níbi tí igbe náà bá sì já sí ni gìtá “Breathe” yóò ti wọlé bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé. Aago yẹn, nínú “Time” ni ẹ ó tún ti pàdé rẹ̀. Ẹ̀rọ owó yẹn, “Money” ni ó ni ín. Ọkàn tí ó ń lù yẹn ni ó sì tún gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ nígbà tí “Eclipse” bá parí. Ṣé ẹni tí ó ń wá orin níhìn-ín kò dà bí ẹni tí ó dé ẹnu ọ̀nà tí ó ń bèèrè ibùsùn? Lónìí, tí Spotify kì í ka orin sí èyí tí a gbọ́ àfi tí ó bá ti dún tó ìṣẹ́jú àáyá 30, ọ̀pọ̀ ni yóò ti fò ó kọjá kí aago kankan tó dún.

Ó yẹ kí èyí tilẹ̀ rọ àwa lọ́rùn láti gbọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú tí ojú kan rẹ̀ ń lọ láìdúró, tí gìtá ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ijó tó le? Fela a máa jẹ́ kí fèrè àti ìlù sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí òun tó la ẹnu, kò sì sẹ́ni tí ó ń sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ kò lágbára. Àwọn Talking Heads, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà, gbọ́ Fela nígbà tí wọ́n ń ṣe Remain in Light ti ọdún 1980, nítorí Brian Eno tí ó bá wọn ṣe é fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Síbẹ̀ ẹ ó rí àwọn tí ó ń kùn pé “Born Under Punches” tí ó ṣí àwo náà kò lọ síbì kan. Àyíká kan náà ni orin náà ń yí lóòótọ́, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ wa.

Ẹ má ṣe fi ariwo wọn agbára. Àwọn Velvet Underground ṣí àwo wọn àkọ́kọ́ (1967) pẹ̀lú “Sunday Morning”, orin tí John Cale ń fi sẹ̀lẹ́sítà tẹ̀, dùùrù kékeré tí ohùn rẹ̀ dà bí agogo wẹẹrẹ, tí Lou Reed sì ń rọra kọ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Nígbà tí iṣẹ́ àwo náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni Tom Wilson tí ó ń bójú tó ìgbàsílẹ̀ wọn béèrè fún orin kan tí wọ́n lè dá gbé jáde fún rédíò, wọ́n sì padà lọ gba èyí sílẹ̀. Wọ́n máa ń tìtorí ìyẹn pè é ní àtamọ́ lásán. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí ohun tí ó ń sọ: ó ń kìlọ̀ fún olùgbọ́ pé kí ó ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbẹ̀rù ni wọ́n wé sínú ohùn ìtura yẹn, “I’m Waiting for the Man” tí ó tẹ̀ lé e sì ń já luni nítorí pé ara ti rọ̀ wá.

Bákan náà ni kò dára kí a gbà pé olórin ni ó to àwo rẹ̀. Nígbà tí U2 ń parí The Joshua Tree ní ọdún 1987, ohun tí wọ́n sọ fún Kirsty MacColl, olórin tí ó jẹ́ ìyàwó Steve Lillywhite tí ó bá wọn da ohùn àwo náà pọ̀, kò ju pé kí “Where the Streets Have No Name” ṣíwájú, kí “Mothers of the Disappeared” sì kẹ́yìn. Òun ni ó to àwọn yòókù bí ó ṣe fẹ́ràn wọn sí. Abájọ tí ojú kìn-ín-ní fi wúwo bẹ́ẹ̀ ju ojú kejì lọ.

Àṣìṣe kan kù tí ó dojú kọ gbogbo èyí: kí ẹnìkan máa gbèjà gbogbo orin àkọ́kọ́ nítorí pé àwo náà lórúkọ. Blonde on Blonde ti Bob Dylan (1966) jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àwo tí mo fẹ́ràn jù láyé, síbẹ̀ “Rainy Day Women #12 & 35” tí ó ṣí i ni orin tí kò tó nǹkan jù nínú rẹ̀. Ìlú Nashville ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, fèrè àti ìlù rẹ̀ dà bí ti ẹgbẹ́ tí ó ń yan lójú pópó, àwọn olórin ń pariwo wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Dylan sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣeré tí ó túmọ̀ sí kí wọ́n sọ ènìyàn lókòó, tí ó tún túmọ̀ sí kí igbó tàbí ọtí máa pa ènìyàn. Ẹ̀fẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó tán. Àwọn kan yóò ní ó dé ipò kejì lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà. Ó dé e. Èyí kò sọ ọ́ di ẹgbẹ́ “Visions of Johanna” tí ó wà ní ipò kẹta lójú àwo kan náà, tàbí “Sad Eyed Lady of the Lowlands” tí ó nìkan gba odindi ojú kẹrin, nítorí rẹ́kọ́ọ̀dù méjì ni wọ́n dì pọ̀ ṣe àwo yẹn.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀nà tí a fi ń dán an wò: a ó gbé abẹ́rẹ́ lé orin kejì, a ó sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a ṣe é fún The Dark Side of the Moon, “Breathe” já wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí a ṣe é fún Blonde on Blonde, “Pledging My Time” bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sì sí ohun tí ó sọnù. Mo wojú rẹ̀, mo ní, “Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ, àbí?” Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́, ó gbé abẹ́rẹ́ padà sí etí àwo, ó ní ẹ̀rín àwọn ọmọ yẹn ni òun ra àwo náà fún.