Ohun tó tù mí lára lọ́wọ́ ojú gbígbẹ: ìpéǹpéjú ni mo tọ́jú

Fún nǹkan bí oṣù méje ni ojú fi ń ta mí bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́; ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí atẹ́gùn bá fẹ́, omi a tún máa dà lójú mi. Oríṣi oògùn mẹ́ta ni mo kán sójú, mo sì pààrọ̀ awò ojú mi, ṣùgbọ́n ìtura náà kì í pẹ́.

Nígbà tí dókítà ojú tẹ etí ìpéǹpéjú mi, ohun tó yọ níbẹ̀ nípọn, ó sì funfun bí ọ̀rá tó dì, dípò kí ó mọ́ gaara. Ó ṣàlàyé pé òróró yìí ló ń bo omijé kí ó má baà tètè gbẹ, àti pé àwọn ihò tíntìntín tó ń gbà jáde, tó lé ní 20 ní ìpéǹpéjú kọ̀ọ̀kan, ti dí.

Láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń fi aṣọ mímọ́ tí mo rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, tí mo ti kọ́kọ́ dán wò lára ọrùn ọwọ́ mi, lé ojú tí mo pa dé fún ìṣẹ́jú 10, mo sì ń tún un rì bí ó bá ti ń tutù. (Ìṣẹ́jú kan tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò tó rárá.) Lẹ́yìn náà, mo ń fi ìka tí mo ti fọ̀ ra ìpéǹpéjú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ti òkè wá sísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ara tù mí. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì ń dùn ún tàbí tó ń ṣe bàìbàì kó tètè rí dókítà. Mo ṣì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, nítorí pé nígbà tí mo dáwọ́ dúró, iyanrìn náà padà.