Bí a ṣe lè fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára ọmọdé tí kì í wúkọ́

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń dúró kí ọmọ máa wúkọ́ títí, kí ó sì tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀, kí wọ́n tó fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ara àwọn àgbàlagbà ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí: ta ló ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí wọ́n tọ́jú fún ikọ́ ẹ̀gbẹ láàárín ọdún kan sẹ́yìn, tí ó sì ń sún mọ́ ọmọ náà? Ẹ má yọ ìyá àgbà àti ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ara ọmọ wò. Kókó ọrùn tí kò dun ọmọ, tí kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í ṣe ohun tí à ń lẹ ewé mọ́. Bí ọmọ tí ó ti ń rìn bá kọ̀ tí kò rìn mọ́, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ iké, ó ṣeé ṣe kí àrùn náà ti wọ eegun. Ẹ fura pẹ̀lú sí ikùn tí omi kún, sí òtútù àyà tí oògùn dókítà kò ràn, àti sí ọmọ tí ń jẹun ṣùgbọ́n tí ìwọ̀n rẹ̀ ń já wálẹ̀.

Èyí tí ó léwu jù ni ti awọ tí ó bo ọpọlọ, nítorí pé jẹ́jẹ́ ló ń wọlé: ọmọ yóò máa kanra, yóò máa bì, yóò máa sùn jù, kí àwújẹ̀ tó wú, kí ọrùn tó le, kí gìrì tó dé. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀; àgbo gìrì tí a fi ìtọ̀ màlúù pò fúnra rẹ̀ lè pa ọmọ. Abẹ́rẹ́ BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ tí à ń fún ọmọ tuntun, ń dín irú ewu yìí kù, kò mú un kúrò pátápátá.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí ń wúkọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Nítorí pé ọmọdé máa ń gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mì, wọ́n lè fi GeneXpert, ẹ̀rọ tí ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Bí àyẹ̀wò kò bá rí nǹkan kan, dókítà ṣì lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nítorí àmì tí ó rí. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Oṣù 6 ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ti ọpọlọ àti ti eegun sábà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kó àwọn ọmọ kéékèèké yòókù nínú ilé dání, kódà bí ara wọn bá le, kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sì fún wọn ní oògùn ìdènà.