Bí mo ṣe tún àwọn agbábọ́ọ̀lù ìgbà ògo yà

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó fẹ́ ṣe àyájọ́ 40 ọdún tí wọ́n gba ife líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra ló fi àwòrán 11 ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n tún àwọn mẹ́sàn-án tó ṣẹ́kù láyé nínú wọn yà, bí wọ́n ṣe dúró nígbà náà gan-an, kí wọ́n lè gbé tuntun àti àtijọ́ kọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kí n tó fọwọ́ kan kámẹ́rà, mo kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àwòrán àtijọ́ náà. Mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo inú ẹyinjú wọn, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti máa ń fi ara rẹ̀ hàn: àmì funfun kékeré kan wà lókè lápá òsì ẹyinjú kọ̀ọ̀kan, onígun mẹ́rin ni, ìlà dúdú tín-ín-rín kan sì la àárín rẹ̀ kọjá. Fèrèsé ni, ìlà dúdú náà sì ni ọ̀pá rẹ̀. Òjìji abẹ́ imú, tó wó díẹ̀ sápá ọ̀tún, ló jẹ́ kí n mọ bí fèrèsé náà ṣe ga tó.

Mo gbé fìláàṣì tí mo fi àpótí aláṣọ funfun bò sí apá òsì, ó ga ju orí ènìyàn lọ díẹ̀, mo sì lẹ téèpù dúdú mọ́ àárín rẹ̀ kí ìlà yẹn lè hàn nínú ẹyinjú. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò wò ó, àmọ́ èmi yóò wò ó. Mo fi ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì sí f/8. Lẹ́ǹsì 85 mm ni mo lò, nítorí pé lẹ́ǹsì tó bá ń kó àyè tó fẹ̀ jù yóò jẹ́ kí n súnmọ́ wọn jù, imú á sì tóbi ju bó ti yẹ lọ.

Àwọ̀ ara ló gba àkókò mi jù. Nínú àwòrán àtijọ́, àwọn mẹ́ta tó dúdú jù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ojú, eyín àti jẹ́sì funfun nìkan ló yọ. Láti àwọn ọdún 1950, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni àwọn tó ń tẹ fọ́tò aláwọ̀ fi àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ tó tọ́, ẹni tó bá sì jìnnà sí àwọ̀ rẹ̀ nígbà náà a máa rì sínú òkùnkùn. Kámẹ́rà òde òní pàápàá lè tan ènìyàn jẹ: bí jẹ́sì funfun bá gba àyè púpọ̀ nínú àwòrán, òṣùwọ̀n inú rẹ̀ yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú á sì ṣú. Mo pa òṣùwọ̀n náà tì, mo fi ọwọ́ ara mi ṣètò, mo sì gbé pátákó funfun súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àwọn mẹ́ta náà.

Àṣìṣe tèmi ni pé n kò fi téèpù sàmì sí ilẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì mo fi ojú díwọ̀n ibi tí fìláàṣì wà. Bí a bá sì sún iná sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló máa kù. Nítorí náà, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ti tó láti ba nǹkan jẹ́. Ìgbà tí mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni mo tó rí i pé mẹ́rin ṣú ju àwọn yòókù lọ, mo sì ní láti bẹ àwọn àgbà mẹ́rin náà kí wọ́n padà wá. Fèrèsé ayàwòrán àtijọ́ kì í kúrò lójú kan ní tirẹ̀.

Aṣọ́lé ni mo yà kẹ́yìn. Nínú àwòrán àtijọ́, wọ́n ká apá mọ́ àyà, wọ́n sì fi ìka fa etí ọwọ́ jẹ́sì wọn. N kò tíì sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi fà á bẹ́ẹ̀. Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló yàtọ̀, ó ti wọ́ láti oríkèé. Mo bi wọ́n bóyá kí n tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà.

"Pẹnáritì ló ṣe é," ni wọ́n wí. "Mo mú un. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."