Àwòrán Obìnrin Kọ́ Lẹ Fẹ́ Kà: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Ra Ìwé Hadley Chase

Ìwé àlòkù ni mò ń tà n'Ìbàdàn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ mi, ìwé James Hadley Chase ló ń bọ́ ilé mi. Bàbá àti ìyá yín ló ń fi pamọ́ sábẹ́ ìwé ìṣirò kà nílé ìwé girama. Ní báyìí ẹ̀yin ọmọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó tí mo ń rí tẹ́ ẹ ń fi ṣòfò ti sú mi. Bí mo bá dákẹ́, èmi ni mò ń jèrè o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń rùn mí nínú.

Òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn ni Chase, mi ò ní ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó lọ bi bàbá rẹ̀.

1. Ríra ìwé nítorí àwòrán iwájú rẹ̀

Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tẹ́rùn. Oníbàárà á dé, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá èyí tí obìnrin kan wà níwájú ẹ̀, tó di ìbọn mú, tí aṣọ ọrùn ẹ̀ ò bò ó tán." Àbúrò mi, èwo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ní àwọn ọdún 1970 sókè, ilé-iṣẹ́ Corgi tó ń tẹ ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ (paperback) fi fọ́tò obìnrin síwájú ìwé Chase débi pé téèyàn bá tò ó sílẹ̀, bíi pé ìwé kan ṣoṣo ni. Obìnrin tó wà níwájú ìwé náà sì lè má sí nínú ìtàn rárá. Kì í ṣe pé wọ́n pa á lójú ewé kẹta o. Kò sí níbẹ̀ ni.

Èyí tó tún burú ni pé wọn kì í jẹ́ kí àwòrán náà pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Panther, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé mìíràn, á tẹ ìwé kan pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà, Corgi á gbà á, á fi fọ́tò sí i, tó bá tún yá, á mú fọ́tò mìíràn. Ìtàn kan náà, aṣọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Èkó, ó yan The Vulture Is a Patient Bird lórí àtẹ mi. Mo bi í pé ṣé kò ní in nílé. Ó ní rárá, èyí tóun ní, obìnrin orí ẹ̀ wọ pupa. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, kó kà á sí mi létí. Ó ka ìlà bíi mélòó kan, ó dákẹ́, ó wo èèpo, ó wo mí. Ó ṣì rà á. Ó ní òun fẹ́ràn àwòrán náà. Mo gba owó mi, mo fún un ní ọ̀rá.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ò le. Ẹ ṣí ojú ewé àkọ́lé, kẹ́ ẹ yí i sẹ́yìn. Ibi tí lẹ́tà ti rí wínníwínní yẹn ni wọ́n to ìtàn ìtẹ̀jáde ìwé sí: Robert Hale tẹ̀ ẹ́ lọ́dún báyìí, Panther tẹ̀ ẹ́ lọ́dún báyìí, Corgi gbà á lọ́dún báyìí, wọ́n tún un tẹ̀. Ọdún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ Robert Hale, tàbí ilé-iṣẹ́ Jarrolds tó bá jẹ́ ìwé àtijọ́ gan-an, ni ọdún tí ìwé náà dé ayé. Ìyókù, ìmúra ni.

Ibẹ̀ náà làwọn kan ti ń gba ẹ̀tàn. Wọ́n á rí "First published 1954" lójú ewé yẹn, wọ́n á ti máa pariwo pé ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ lọ́wọ́ àwọn tẹ̀. Ìlà yẹn máa ń wà níbẹ̀ bí wọ́n tún un tẹ̀ nígbà ogún! Arákùnrin kan fi fọ́tò ìwé ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, owó tó san sì tó owó ilé oṣù kan. Corgi ni, ẹlẹ́yìn rírọ̀, ìlà tó tẹ̀ lé "First published" sì ń sọ ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀. Mo kọ "Ẹ kú oríire" sí i. Kí ni mo tún fẹ́ kọ?

2. Pípe Chase ní ọmọ Amẹ́ríkà

Ọmọ London ni, wọ́n bí i ní 24 oṣù Kejìlá 1906. Máàpù àti ìwé atúmọ̀ èdè ìgboro Amẹ́ríkà ló fi kọ àwọn ìlú tẹ́ ẹ̀ ń dárúkọ wọ̀nyẹn.

3. Fífi Raymond Marshall sílẹ̀

René Lodge Brabazon Raymond lorúkọ rẹ̀ gan-an. James Hadley Chase fúnra rẹ̀ ìnagijẹ ni, kò sì dá wà. Ó lo Raymond Marshall fún ọ̀pọ̀ ìwé, ó lo James L. Docherty, ó lo Ambrose Grant. Mission to Venice (1954) àti Mission to Siena (1955) kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé Marshall, bẹ́ẹ̀ náà ni Hit and Run (1958). Nígbà tó yá ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ Chase. Bàbá kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi ta ìdì Marshall kan fún mi ní owó gúgúrú, ó ní "ta ló mọ èyí?" Mo ní èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run a dárí jì mí. Àwọn kan tún wà tó ra Hit and Run ti Marshall, wọ́n wá padà ra ti Chase, wọ́n ń bá mi jà pé ìtàn náà jọra.

4. Orúkọ tó ń yí padà

Tí ìwé bá ré òkun lọ sí Amẹ́ríkà, tàbí tí ayé bá yí, wọ́n á fún un lórúkọ tuntun. Figure It Out for Yourself (1950) ni The Marijuana Mob. Èyí tó jáde ní 1940 tí orúkọ rẹ̀ ń bú àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n padà sọ di The Doll's Bad News. Ibi tí orí ti ń yí èèyàn rèé: Too Dangerous to Be Free ni orúkọ kejì Lay Her Among the Lilies (1950), ọ̀kan lára ìwé mẹ́ta tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń jẹ́ Vic Malloy wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n Not Safe to Be Free (1958) jẹ́ ìtàn ọ̀tọ̀ pátápátá, òun náà sì tún ní orúkọ mìíràn, The Case of the Strangled Starlet. Ẹ kọ wọ́n sínú fóònù yín kẹ́ ẹ tó wá sọ́jà. Ẹ má bi mí lójú ọjà, mo ń dá àwọn èèyàn lóhùn.

Mi ò ka nọ́ńbà mọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọ̀rọ̀ No Orchids for Miss Blandish. Ìwé yìí ló sọ Chase di olókìkí ní 1939. George Orwell, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ àròkọ lé e lórí ní 1944, ó bínú sí i, síbẹ̀ ó gbà pé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ dá ṣáká. Àwọn ọmọ yunifásítì a máa ka àròkọ yẹn, wọ́n á wá sáré wá ra ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì máa fi wé ohun tí Orwell sọ. Ẹ rọra. Chase fúnra rẹ̀ tún ìwé náà kọ ní 1961, nítorí ó rí i pé ayé 1939 ti jìnnà sí àwọn òǹkàwé tuntun. Àtúnkọ yẹn ló wà nínú ẹlẹ́yìn rírọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rí káàkiri, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí Orwell kà. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ lẹ fẹ́, ìtẹ̀jáde tó ṣáájú 1961 ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì múra owó. Ẹ má sì ka The Flesh of the Orchid (1948) ṣáájú rẹ̀. Ọmọ Miss Blandish ni ìtàn yẹn dá lé. Ẹ ò lè mọ ọmọ kẹ́ ẹ tó mọ ìyá.

Bákan náà ni ìwé mẹ́ta tí obìnrin tó ń jẹ́ Helga Rolfe wà nínú wọn: An Ace Up My Sleeve (1971), The Joker in the Pack (1975), I Hold the Four Aces (1977). Báyẹn ni wọ́n tò. Ẹ tẹ̀ lé e.

Fíìmù ńkọ́? Àṣìṣe yín ni pé orúkọ ìwé lẹ fi ń wá fíìmù. Àwọn ará Faransé fẹ́ràn Chase ju àwọn ará ilé rẹ̀ lọ, nítorí náà èdè wọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. La Chair de l'orchidée (1975) tí Charlotte Rampling ṣe ni The Flesh of the Orchid. Ìtàn Miss Blandish di The Grissom Gang ní 1971, lọ́wọ́ olùdarí fíìmù Robert Aldrich. Nínú ìwé, Grisson ni àwọn ọ̀daràn náà ń jẹ́, ẹ wo bí lẹ́tà kan ṣe lè fi nǹkan pamọ́. Just Another Sucker (1961) ni Palmetto (1998) tí Woody Harrelson wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì retí pé ohun tẹ́ ẹ kà lẹ máa rí. Hollywood ni ìtàn Eve (1945) ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Joseph Losey fi ṣe Eva ní 1962, Venice ló gbé e lọ, ó sì fi Jeanne Moreau sí i. Fíìmù náà dára, lójú tèmi ó dára ju ìwé lọ, àmọ́ ẹni tó ń wá Hollywood nínú rẹ̀ á wá a tì.

Ayédèrú: bí lẹ́tà bá ń ṣe bàìbàì, tí ojú ewé 64 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí 65 ò sì sí, ẹ dá a padà kíá.

Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn ọmọ ilé ìwé ìgbà yẹn a máa ya ojú ewé tó gbẹ̀yìn, kí ẹni tó yá ìwé lọ́wọ́ wọn lè padà wá bẹ̀ wọ́n. Mo ní Tiger by the Tail kan tó parí láàárín gbólóhùn. Mo ti kọ "Kò pé" sí i gàdàgbà, wọ́n ṣì ń béèrè ẹ̀ nítorí obìnrin iwájú rẹ̀.

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ èèpo tó ya. Rárá.

Tẹ́ ẹ bá sì rí More Deadly Than the Male ti 1946 níbì kan, tó jẹ́ orúkọ Ambrose Grant ló wà lórí rẹ̀, ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Mi ò ní bi yín pé irú àwòrán wo ló wà níwájú ẹ̀.